Ṣáájì kíákíá níwájú ṣọ́ọ̀bù, ṣáájì nílé, àbí ká kúkú máa ra epo lọ? Ẹ jẹ́ ká fi owó wọn wéra

Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ rẹ́wáyà ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́ níbí, wáyà mọ́tò ni mo mọ̀, àmọ́ ìbéèrè tí àwọn kọ́sítọ́mà ń gbé wá báyìí ti kọjá wáyà. Bọ̀dá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Alágbáká gbé fóònù ẹ̀ sí mi lójú lọ́jọ́ kan, ó ní òun rí Nissan Leaf tòkunbọ̀ kan tí owó ẹ̀ ò ga rárá, mọ́tò oníná ni, kì í mu epo, ṣé kí òun rà á? Mo ní bọ̀dá, níbo lẹ ti máa máa ṣáájì ẹ̀? Ó ní ṣebí iwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń ṣáájì ẹ̀ nílùú òyìnbó, wọ́n á wọlé lọ ra búrẹ́dì, kí wọ́n tó jáde ó ti kún, bó pẹ́ bó yá ó máa dé Àkúrẹ́ náà. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Irọ́ kọ́ ló pa o, ó kàn jẹ́ pé kò bi mí ní iye tí wọ́n ń gbà níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Mo ní àbúrò obìnrin kan ní Houston tó ń fi mọ́tò oníná ṣe Uber, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi náà wà ní Manchester, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, mọ́tò oníná ni wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kí àwọn méjèèjì máa sọ fún mi iye tí wọ́n ń san àti ibi tí wọ́n ti san án, èmi náà jókòó ti ìṣirò. Ohun tí mo rí rèé, mo kọ ọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ rà, àbí ẹni tí èèyàn ẹ̀ wà lókè òkun, lè mọ èwo ni kó mú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń rà

Ẹni tó bá ń lo mítà prepaid ti mọ yúníìtì. Yúníìtì tẹ́ ẹ̀ ń rà sórí mítà yẹn náà ni àwọn òyìnbó ń kọ ní kWh lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣáájì mọ́tò, ìkan náà ni, kò sí ìyàtọ̀. Bátìrì ni tánkì, yúníìtì ni epo inú ẹ̀. Leaf irú èyí tí bọ̀dá yẹn rí, yúníìtì 40 ni bátìrì ẹ̀ ń gbà nígbà tó wà ní tuntun, Chevrolet Bolt máa ń gbà tó 60 sí 65. Mọ́tò oníná tí kò tóbi púpọ̀ máa ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì 18 tó bá rin 100 kìlómítà, ó sinmi lórí bí èèyàn ṣe ń sá eré àti bóyá AC wà lórí.

Ní báyìí, láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó ká tún padà sílé, kò jìnnà sí 100 kìlómítà, òun ni màá fi ṣe òṣùwọ̀n jálẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Tí mo bá ti sọ pé "Oǹdó kan", lílọ àti bíbọ̀ ni mò ń sọ. Yúníìtì 18 fún Oǹdó kan tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ńlá iwájú ṣọ́ọ̀bù, torí ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀ ló ń yí iná padà sí irú tí bátìrì lè gbà kó tó tì í sínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ iná ilé, inú mọ́tò ni wọ́n ti ń yí i, díẹ̀ máa ń bá ooru lọ, mítà yín á sì ka èyí tó ṣòfò mọ́ ọn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká pe tilé ní yúníìtì 20. Ẹni tó bá fi 18 ṣírò tilé, ó ń tan ara ẹ̀ jẹ ni.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì míì wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ò ronú kàn. Ẹ rántí àwọn tó máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń bá èèyàn ṣáájì fóònù, pàápàá nígbà tí iná bá ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta? Ẹni tó gbé Nokia tọ́ọ̀ṣì wá àti ẹni tó gbé tábílẹ́ẹ̀tì ńlá wá, owó kan náà. Ẹni tí fóònù ẹ̀ ti kú pátápátá àti ẹni tí tiẹ̀ ti dé 70, owó kan náà. Oní-Nokia ló ń sanwó fún onítábílẹ́ẹ̀tì, kò kàn mọ̀ ni. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé òfin wọn kò gbà fún ẹni tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ iná láti máa ta iná ní yúníìtì, nítorí náà ìṣẹ́jú ni àwọn oníṣáájì ń tà. Púpọ̀ nínú wọn ti yí òfin yẹn padà báyìí, àmọ́ títà ní ìṣẹ́jú kò tíì tán nílẹ̀. Ká ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ 30 sẹ́ǹtì. Bolt tí wọ́n ṣe títí di 2023 ò lè gbà ju bíi kW 55 lọ (kW ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ń yára wọlé, kW kan máa ń fún mọ́tò ní yúníìtì kan ní wákàtí kan), bí ẹ̀rọ yẹn tiẹ̀ lágbára bí àrá, yúníìtì 50 máa gbà á tó wákàtí kan, owó ẹ̀ á di dọ́là 18. Hyundai Ioniq 5 lè gba ju kW 200 lọ, tó bá wà lórí ẹ̀rọ tó lágbára, yúníìtì 50 yẹn ò lè gbà á ju bí ìṣẹ́jú 18 lọ, dọ́là 5 àti díẹ̀. Iná kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ọ̀kan san ìlọ́po mẹ́ta èkejì. Tí mọ́tò yín bá jẹ́ irú tó ń gba iná díẹ̀díẹ̀, ẹ sá fún ibi tí wọ́n ti ń ta ìṣẹ́jú bí ẹni sá fún ejò.

Amẹ́ríkà: iwájú Walmart àti inú ilé

Àbúrò mi ní nígbà tí òun kọ́kọ́ gba mọ́tò, iwájú Walmart, súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá wọn, ni òun ti ń ṣáájì. Ilé-iṣẹ́ Electrify America ló ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Ìtàn wọn dùn o: Volkswagen ló dá a sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n mú wọn pé wọ́n fi sọ́fítíwìà tan àwọn tó ń yẹ èéfín mọ́tò dísù wò, ara ìyà tí wọ́n jẹ ni kí wọ́n ná bílíọ̀nù 2 dọ́là láàárín ọdún 10 sórí ọ̀rọ̀ mọ́tò tí kì í rú èéfín. Walmart fúnra ẹ̀ kéde ní 2023 pé òun máa kọ́ ẹ̀rọ tòun náà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù òun títí di 2030. Ìdí ẹ̀ ò le: mọ́tò tó ń gba epo, ìṣẹ́jú márùn-ún ó ti lọ. Mọ́tò tó ń ṣáájì máa dúró ní ogún, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹni tó ni ín ò ní jókòó sínú ẹ̀ kó máa wo ojú ọ̀run, á wọlé, ẹni tó fẹ́ ra ọṣẹ nìkan á jáde pẹ̀lú àpò mẹ́rin. Ẹ lọ wo oníṣu sísun ní ìdíkọ̀, ibi tí mọ́tò ti máa ń dúró ló ń jókòó sí.

Ó wá ku owó. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ máa ń san nǹkan bíi sẹ́ǹtì 56 fún yúníìtì kan lórí ẹ̀rọ Electrify America, ibòmíì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibòmíì kò tó o. Oǹdó kan, yúníìtì 18, dọ́là 10 àti díẹ̀. Nílé ńkọ́? Iná ilé ní Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ bá pín in káàkiri, kò jìnnà sí sẹ́ǹtì 16 tàbí 17 yúníìtì kan. Oǹdó kan ní 16, yúníìtì 20, dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì 20. Ẹ wá gbé mọ́tò elépo sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ìyẹn mọ́tò tó ń rin máìlì 30 lórí gálọ́ọ̀nù kan, tí gálọ́ọ̀nù bá jẹ́ dọ́là 3, Oǹdó kan ò ju dọ́là 6 àti díẹ̀ lọ.

Ẹ tún un kà. Nílé, mọ́tò oníná fẹ́rẹ̀ẹ́ dín owó epo kù sí ìdajì. Níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó wọ́n ju epo lọ! Ibi tí bọ̀dá Alágbáká ti la ojú nìyẹn. Mọ́tò ò yí padà, ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣáájì ẹ̀ ló yí padà.

Àwọn kan á ní kí la wá ń forúkọ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ sí. Electrify America ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Pass+, dọ́là 7 lóṣù, wọ́n á sì bá yín yọ ìdá mẹ́rin kan nínú owó. 56 á di 42, sẹ́ǹtì 14 lẹ jèrè lórí yúníìtì kan. Ẹ pín dọ́là 7 sí sẹ́ǹtì 14, yúníìtì 50 ni. Ẹni tó bá máa ra ju yúníìtì 50 lọ láàárín oṣù kan, kó wọ ẹgbẹ́, ìṣáájì kan àtààbọ̀ ti dá owó yẹn padà. Ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tó bá rin ìrìn-àjò nìkan ló ń débẹ̀, kó wọ̀ ọ́ lóṣù tó fẹ́ rìnrìn-àjò, kó tún jáde, ṣùgbọ́n kó fi sí àlámù fóònù ẹ̀ o, torí owó oṣù tí èèyàn gbàgbé ni wọ́n fi ń lówó. Fún àbúrò mi tó ń ṣe Uber, kò sí ìjiyàn. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹgbẹ́ náà, Oǹdó kan ṣì jẹ́ dọ́là 7 àti ààbọ̀, epo ṣì dín sí i.

Kí ló dé tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Mo bi í, kò mọ̀, mo wá lọ kà á fúnra mi. Ilé-iṣẹ́ iná ní Amẹ́ríkà kì í gba owó yúníìtì nìkan lọ́wọ́ oníṣòwò ńlá, wọ́n tún ń wo ìgbà tó fa iná jù lọ lóṣù yẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, wọ́n á gba owó agbára yẹn lọ́tọ̀. Ó dà bí ẹni tó háyà àga 500 torí pé ọ̀gọ̀rọ̀ èèyàn lè dé lẹ́ẹ̀kan náà, èèyàn 20 ló wá jẹun, owó àga 500 ló máa san. Tí mọ́tò mẹ́rin bá jọ gba iná lẹ́ẹ̀kan náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí kò sì sẹ́ni tó wá mọ́ títí oṣù fi parí, bílì ọ̀sán yẹn ló máa gun orí gbogbo yúníìtì. Ẹ ka owó ẹ̀rọ náà mọ́ ọn, owó waya abẹ́ ilẹ̀, àti transfọ́mà. Ìdí nìyí tí ibi tí mọ́tò ti ń wá léraléra fi máa ń lè tà ní owó tó dín ju ibi tí kò sérò lọ.

Tesla náà ní Supercharger, ìyẹn ẹ̀rọ ṣáájì kíákíá tiwọn, lẹ́bàá àwọn ilé ìtajà, wọ́n ti ṣí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ fún mọ́tò tí kì í ṣe tiwọn, àmọ́ ẹni tí mọ́tò ẹ̀ kì í ṣe Tesla máa ń san jù, àyàfi tó bá sanwó ẹgbẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé owó wọn máa ń yí padà láàárín ọjọ́ kan náà, òru máa ń dín, ìrọ̀lẹ́ máa ń ga. Onímọ́tò Uber tó bá lè jí ní aago mẹ́rin ìdájí, ó ti jèrè ìyàtọ̀ yẹn kí àwọn yòókù tó là ojú.

Ìlú Ọba: wọ́n ti fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ rí

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní àwọn jẹ̀gbádùn nígbà kan. Tesco máa ń jẹ́ kí èèyàn ṣáájì lọ́fẹ̀ẹ́ lórí àwọn ẹ̀rọ wọn tó ń rọra ṣe é, kí èèyàn sáà ti wá rajà. Ìgbà tó di November 2022, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ti tán: pẹ́nì 28 fún yúníìtì kan lórí ẹ̀rọ kW 7, pẹ́nì 40 lórí ti kW 22, pẹ́nì 50 lórí ti kW 50. Ẹ ṣàkíyèsí àtẹ̀gùn yẹn dáadáa, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Yúníìtì kan náà ni, bátìrì ò mọ èyí tó wá láti ara ẹ̀rọ kékeré yàtọ̀ sí tẹ̀rọ ńlá. Eré ni wọ́n ń ta fún yín. Ẹni tó fẹ́ kó yá, kó sanwó kánjúkánjú.

Láti ìgbà yẹn ó ti ga sí i gan-an, ní gbogbo ìlú náà. Ẹ̀rọ kíákíá ní Ìlú Ọba báyìí, pẹ́nì 70 sí 80 ti di nǹkan tí kò yani lẹ́nu mọ́. Sainsbury's náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn tí wọ́n ń pè ní Smart Charge ní 2024. Iná ilé wọn ń lọ ní bíi pẹ́nì 26, àmọ́ ẹni tó bá gba pláànì òru tí wọ́n dìídì ṣe fún onímọ́tò, ó lè san pẹ́nì 7 tàbí 8 lóru. Ká wá gbé e sórí Oǹdó: ní pẹ́nì 76, Oǹdó kan níwájú ṣọ́ọ̀bù jẹ́ pọ́ùn 13 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Iná ilé lásán, pọ́ùn 5 àti pẹ́nì 20. Iná òru, pọ́ùn kan àti pẹ́nì 60. Epo, tí mọ́tò bá ń jẹ lítà 7 tí lítà jẹ́ pọ́ùn kan àti pẹ́nì 35, pọ́ùn 9 àti ààbọ̀.

Ìlọ́po mẹ́jọ! Láàárín iná òru àti iná iwájú ṣọ́ọ̀bù, ìlọ́po mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ìlú kan náà, mọ́tò kan náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dun àwọn tó ń gbé inú fúláàtì tí kò ní ibi tí wọ́n lè páàkì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, torí àwọn tó nílé tó ní àgbàlá ló ń jẹ iná òru, àwọn tí ò ní ló ń lọ sanwó níta. Ìjọba tún dá kún un, VAT iná ilé jẹ́ 5 nínú 100, ti ẹ̀rọ ìta jẹ́ 20. Ẹ̀gbọ́n wa ní ti ìyẹn máa ń bí òun nínú ju òtútù lọ.

Ohun kan tí mo fi yìn wọ́n ni pé òfin tí wọ́n ṣe ní 2023 ní kí wọ́n kọ owó yúníìtì ní pẹ́nì síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i, kí ẹ̀rọ kíákíá sì gba káàdì báńkì lásán láìsí pé èèyàn ní láti da áàpù sórí fóònù. Ṣé ẹ mọ̀ pé kó tó di ìgbà yẹn, áàpù mẹ́fà méje ló wà lórí fóònù àwọn kan, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tiẹ̀, owó kéékèèké ti há sínú gbogbo wọn.

Owó tí kì í sí lára bọ́ọ̀dù

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀.

Àbúrò mi ki mọ́tò bọ ẹ̀rọ níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, mi ò ní dárúkọ ẹni tó ni ẹ̀rọ náà, ó wọlé lọ ra nǹkan àsè ọjọ́ ìbí ọmọ ẹ̀. Ìlà gùn, ó tún pàdé ará ìjọ wọn kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ wá. Mọ́tò ti kún tipẹ́. Ìgbà tó jáde, owó tí wọ́n kà sí i lọ́rùn nítorí pé kò yọ wáyà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó iná gan-an. Ó bínú, ó pè wọ́n, wọ́n ní ó wà nínú àdéhùn tó tẹ̀ pé òun gbà. Kò kà á, ta ló ń kà á? Electrify America máa ń fún èèyàn ní ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn tó bá kún, lẹ́yìn ẹ̀ sẹ́ǹtì 40 ní ìṣẹ́jú kan. Tesla máa ń gba sẹ́ǹtì 50 ní ìṣẹ́jú kan tí ibẹ̀ bá ti kún dé ìdajì, dọ́là kan tí ibẹ̀ bá kún fọ́fọ́. Ìṣẹ́jú 20 ọ̀rọ̀ ìjọ, dọ́là 20. Mi ò tiẹ̀ dá wọn lẹ́bi lórí ìyẹn, torí ẹni tó ti ṣáájì tán tí kò kúrò, ó dà bí ẹni tó jẹun tán ní búkà tí kò kúrò lórí àga nígbà tí àwọn míì dúró mú àwo lọ́wọ́. Ó kàn yẹ kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ẹ̀rọ ni.

Ohun kejì, 80. Bátìrì kì í gba iná bákan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá ti kọjá 80 nínú 100, ó máa rọra ni, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń rọ omi sínú kẹ́ẹ̀gì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu, ẹ gbọ́dọ̀ dín in kù kó má bàa ta dànù. Láti 80 dé 100 lè pẹ́ tó láti 10 dé 80. Níbi tí wọ́n ti ń ta ìṣẹ́jú, 20 tó kẹ́yìn yẹn ló ń jẹ owó. Ẹ yọ ọ́ ní 80, ẹ máa lọ.

Ẹ tún wo ti káàdì. Bẹ́ ẹ bá ti fi káàdì kàn án, wọ́n máa ń de owó kan mọ́lẹ̀ ná, ó lè ju owó iná tẹ́ ẹ máa rà lọ fíìfíì, ìyókù á padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí owó inú akáǹtì ẹ̀ ò pọ̀, ó lè há síbẹ̀. Ibòmíì tún ń gba owó páàkì lọ́tọ̀.

Ó wá kan Àkúrẹ́

Mi ò tíì rí ẹ̀rọ ṣáájì kíákíá kankan níwájú súpámákẹ́ẹ̀tì ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó. Ní Nàìjíríà, NADDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ṣíṣe mọ́tò, gbé ẹ̀rọ oníṣólà kan kalẹ̀ ní yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó ní 2021, Èkó náà rí tiẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ra Leaf lónìí ní Ìjàpọ̀ tàbí Òkè-Ìjẹ̀bú, ilé ẹ̀ ni filling station ẹ̀. Ìyẹn sì dára lọ́nà kan, torí a ti rí i pé ilé ló dín lówó níbi gbogbo. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ilé tiwa kì í ṣe ilé tiwọn.

April 2024 ni wọ́n gbé owó Band A láti 68 náírà lọ sí 225 lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó yá wọ́n yọ díẹ̀, ó ń lọ bíi 206 sí 210. Tẹ́ ẹ bá ka VAT mọ́ ọn, ẹ kàn pè é ní 225, àmọ́ ẹ wo rìsíìtì tókìn yín, òun ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, torí ọwọ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó fúnra ẹ̀ ni àmójútó iná wa wà báyìí. Oǹdó kan ní Band A: yúníìtì 20, 4,500 náírà. Epo: Corolla tó ń jẹ lítà 9, tí lítà bá jẹ́ 900 náírà, 8,100. Bí epo bá gbé owó lọ sókè tàbí wálẹ̀, ẹ fi owó ọjọ́ náà rọ́pò ẹ̀, ìṣirò ò yí padà. Jẹnẹrétọ̀ wá ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ kékeré, lítà kan kì í mú ju yúníìtì kan àtààbọ̀ sí méjì jáde, ẹ pe yúníìtì kan ní 500 náírà, Oǹdó kan di 10,000. Ẹ ti ra mọ́tò tí kì í mu epo, ẹ wá ń bu epo fún jẹnẹrétọ̀ kó lè fún mọ́tò níná, ẹ sì san ju oní-Corolla lọ. Ariwo ẹ̀ lọ́tọ̀, òórùn ẹ̀ lọ́tọ̀, sáfíìsì ẹ̀ lọ́tọ̀.

Nítorí náà àárín Band A àti jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Band A ni wọ́n ní wákàtí 20 lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán máa ń fún mọ́tò ní bíi kW 2.3, Oǹdó kan máa gbà á tó wákàtí mẹ́sàn-án. Ẹni tó wà ní Band A, ó lè sùn kó jí kó bá a níbi tó fẹ́. Ẹni tó wà ní Band D, tí NEPA bá tiẹ̀ mú ìlérí ṣẹ, gbogbo iná ọjọ́ yẹn ò tó Oǹdó kan, kò sì tíì tan fáànù. Ẹ má tiẹ̀ jẹ́ ká mẹ́nu ba àwọn èèyàn wa ní ìsàlẹ̀, ní Òkìtìpupa àti Ìlàjẹ, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú òkùnkùn.

Ṣólà ńkọ́? Ní tiwa níbí, páànẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ kW kan, ẹ máa retí bíi yúníìtì 4 lójúmọ́, kó dín ní July àti August tí òjò ń rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Oǹdó kan lójúmọ́ ń fẹ́ páànẹ́ẹ̀lì kW 5, fún mọ́tò nìkan. Ọ̀sán ni oòrùn ń ràn, ọ̀sán náà sì ni mọ́tò wà ní ọ́fíìsì. Ẹni tí mọ́tò ẹ̀ máa ń wà nílé lọ́sàn-án, bí oníṣọ́ọ̀bù tó ń gbé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ló máa jàǹfààní ẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi díẹ̀. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, wáyà ṣáájì tó bá a wá, ẹ yí ẹ̀yìn àpótí ẹ̀ wò, tó bá jẹ́ 120V nìkan ni wọ́n kọ, ẹ má kì í bọ iná ilé wa, ó máa jó. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọ̀pọ̀ àpótí yẹn kì í gbà láti ṣiṣẹ́ tí kò bá rí wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò tó wọnú ilẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ilé ní Àkúrẹ́ ni wáyà yẹn kàn gbé kọ́ ara ògiri lásán, kò débì kankan. Àwọn kan á ní kí n dọ́gbọ́n tàn án jẹ. Mi ò ní ṣe é, torí wáyà yẹn ni kò ní jẹ́ kí iná pa ọmọ tó bá fọwọ́ kan mọ́tò nínú òjò. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ ò ṣeé fi ṣáájì mọ́tò fún wákàtí mẹ́sàn-án lálaalẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fa wáyà tó nípọn lọ́tọ̀ láti ibi mítà.

Nípa Leaf irú èyí gan-an: kò ní omi tó ń tu bátìrì ẹ̀ lára, afẹ́fẹ́ lásán ni, ooru sì máa ń jẹ bátìrì. Ní 2012 àwọn tó ra á ní Arizona ní Amẹ́ríkà pariwo pé bátìrì àwọn ń tètè rẹ̀wẹ̀sì nínú ooru. Àwọn ìlà kéékèèké 12 ló wà lójú bọ́ọ̀dù ẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun, wọ́n máa ń dín bí bátìrì bá ṣe ń gbó. Ẹni tó ń ta á lè fi fọ́tò kíkún hàn yín, ẹ ní kó ya ìlà yẹn lọ́tọ̀. Tó bá ti ku mẹ́jọ, ìrìn tó máa lè rìn lórí ìṣáájì kan ti dín kù gan-an. Ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣáájì kíákíá ara ẹ̀ sì jẹ́ CHAdeMO, irú èyí tí wọ́n ti ń pa tì lókè òkun, ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ń gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ò ní i mọ́ lọ́pọ̀ ibi. Bí ẹ̀rọ kíákíá bá wá dé Àkúrẹ́ lọ́la, kò dájú pé ẹnu wọn máa bára mu.

Tó bá jẹ́ èmi

Ẹni tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá ilé ní Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba, ilé ni, iwájú ṣọ́ọ̀bù wà fún ọjọ́ ìrìn-àjò nìkan. Ẹni tó ń gbé fúláàtì tí kò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó sì ń rìn púpọ̀, kó ṣírò dáadáa kó tó rà, tó bá jẹ́ ẹ̀rọ kíákíá nìkan ló máa máa lò, mọ́tò elépo tí kì í jẹ epo púpọ̀ tàbí haibrídì, ìyẹn èyí tó ń lo epo pẹ̀lú bátìrì, lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Àbúrò mi ti gba ọ̀nà àárín, ibi iṣẹ́ ọkọ ẹ̀ ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tà ní owó tó dín, wọ́n ń gbé mọ́tò síbẹ̀ lálẹ́ ìgbà tí òun ò bá ṣiṣẹ́, iwájú ṣọ́ọ̀bù di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó sì ti fi àlámù sí fóònù kó má bàa tún gbàgbé níbi ọ̀rọ̀ ìjọ.

Ní Àkúrẹ́, Band A tó dájú, tí ìrìn ojoojúmọ́ ò kọjá inú ìlú, Adó-Èkìtì ìgbà kan, Ọ̀wọ̀ ìgbà kan, ẹ rà á, ẹ máa jèrè. Band C sísàlẹ̀ láìsí ṣólà, ẹ fi sílẹ̀ ná. Ẹni tó ń lọ Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má dán an wò.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún bọ̀dá Alágbáká. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n bi mí pé Band wo ni àdúgbò àwọn wà. Mo ní ẹ wo rìsíìtì yín. Wọ́n wò ó, Band A ni. Wọ́n tún ní kí ẹni tó ń ta Leaf fi fọ́tò ìlà bọ́ọ̀dù ránṣẹ́, mọ́kànlá ló kù. Saturday ni mò ń lọ fa wáyà láti ibi mítà wọn.